Kí Ẹ Tó San Owó Ọkọ̀ Lọ Pàgọ́ Nínú Igbó

Ìwé ìkéde kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá láti ìlú Ìpàpó ní Òkè-Ògùn. Àwọn ọ̀dọ́ kan ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n ń pe ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ pé kí ó wá fi orúkọ sílẹ̀, kí ó sì san àsansílẹ̀ owó, nítorí pé nígbà ọyẹ́ tí ń bọ̀ yìí wọn yóò háyà ọkọ̀ akẹ́rù kan, wọn yóò kó àgọ́ àti ìkòkò sínú rẹ̀, wọn yóò sì gba Òtú àti Tedé lọ sí Ọgbà Ìpamọ́ Ẹranko ti Ọ̀yọ́-Ilé, níbi tí wọn yóò ti sùn fún òru mẹ́rin. Àwòrán ìnàkí kan wà lára ìwé náà. Àwòrán ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti ti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó fi dígí dúdú sójú. A yẹ ìwé náà wò níwájú àti lẹ́yìn, a kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa omi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé kí àwọn ọmọ wa má lọ. Àwa tí a ń kọ̀wé yìí ti bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún méjì sẹ́yìn, láti Ìpàpó kan náà, bí a bá sì rí àyè, a óò tún lọ. Ohun tí a lòdì sí ni pé kí a máa pe iṣẹ́ ní àríyá, kí a sì máa fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ gba owó lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé oko ni òun ń lọ yóò mú ọkọ́ dání. Ẹni tí a sọ fún pé òde ìgbéyàwó ni yóò wọ agbádá, bí ó bá sì dé oko, kì í ṣe òun ni a ó bá wí.

Ìrìn àjò náà tọ́ sí ẹni tí ó bá fẹ́ràn ilẹ̀ baba rẹ̀. Ilẹ̀ ọgbà tí à ń wí yìí tó 2,512 kìlómítà onígun-mẹ́rin. Igbó ọba méjì ni tẹ́lẹ̀, ti Òkè Odò Ògùn àti ti Ọ̀yọ́-Ilé, kí òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1991 tó sọ wọ́n di ọgbà kan ṣoṣo fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Odò Ògùn gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀, ìgalà wà níbẹ̀, ìrá, ìnàkí àti ìjímèrè pẹ̀lú. Ní apá àríwá rẹ̀ ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, ìlú tí àwọn Aláàfin ti ń pàṣẹ tí ó ń dé etí òkun, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fi sílẹ̀ nígbà tí ogun le, ní nǹkan bí ọdún 1835 sí 1837. Ní Ìgbòho, tí kò jìnnà sí ọgbà náà, Igbó Ọba wà, níbi tí a sin àwọn Aláàfin sí ní ayé ìgbà tí ààfin ti ṣí kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé lọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Òkè-Ògùn tí ó ti dé Dubai kò tíì fi ojú kan èyíkéyìí nínú wọn. Ìtìjú ni fún wa, pàápàá fún àwa tí a ti ṣe olùkọ́ rí, tí a dúró níwájú pátákó tí a ń ka orúkọ àwọn Aláàfin fún ọmọdé bí ẹni ń ka ìṣirò, tí a kò sì mú wọn dé ibi tí ó gba wákàtí díẹ̀ láti kíláàsì wọn.

Àjọrìn la igbó yìí já kì í ṣe ohun titun. Ní oṣù kejìlá ọdún 1825, Ọ̀gágun Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gbéra láti Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n gba ilẹ̀ Yorùbá gòkè, ó sì wọ Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga, ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1826. Owó ìjọba wà lọ́wọ́ wọn, ìbọn wà, oògùn wà, dókítà sì wà láàárín wọn. Síbẹ̀, kí ọdún 1825 tó parí, Pearce àti dókítà Morrison ti kú sójú ọ̀nà. Dickson tí ó gba ọ̀nà Dàhọ̀mì lọ kò padà mọ́. Clapperton fúnra rẹ̀ kú ní ẹ̀bá Sókótó ní oṣù kẹrin ọdún 1827, Richard Lander tí í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó sì ru ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ kọ padà sílé. Lander yìí kan náà tún mú àbúrò rẹ̀ John lọ́wọ́, wọ́n tún wọ Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù karùn-ún ọdún 1830. Ibà ni ó pa àwọn tí ó pọ̀ jù nínú irú àwọn arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀, wọn kò sì mọ ibi tí ibà ti ń wá, nítorí pé ọdún 1897 ni Ronald Ross tó fi hàn pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé e kiri. Àwa mọ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n nínú ènìyàn 19 tí ó gun ọkọ̀ wa, àwọn mẹ́rin péré ni ó mú àwọ̀n ẹ̀fọn dání.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé ṣebí Ọlábísí Àjàlá gun alùpùpù káàkiri ayé, pé ṣebí Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London dé Èkó ní ọdún 2022, tí Pẹ̀lúmi Nubi sì dá wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré láti London dé Èkó ní ọdún 2024. Òótọ́ ni, a sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dá rìn kò ní ẹni tí yóò bá jà nítorí ìkòkò. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, omi tirẹ̀ ni ó mu tán. Bí ó bá sùn pẹ́, òun nìkan ni ó pẹ́. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ẹnìkan ni yóò sùn pẹ́, ènìyàn 18 ni yóò sì jókòó dè é.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí tiwa ti rí. Wọ́n ní aago márùn-ún òwúrọ̀ ni a óò gbéra ní Ìpàpó. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni a gbéra, nítorí pé táyà kan ti jò láti òru, tí wọ́n sì gbàgbé jáàkì sílé ẹnìkan. Àga gbọọrọ méjì ni wọ́n dè mọ́ ara ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì, ẹrù wà láàárín, tapólì wà lókè. Ẹni tí kò bá gun irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí kí ó mọ̀ pé kò ń sáré, pé ó máa ń dúró níbi púpọ̀, àti pé ìdajì ọjọ́ ni à ń fi wo ẹ̀yìn ara wa bí a ti ń ti ọkọ̀ nínú iyanrìn. Nígbà tí a kúrò lójú ọ̀nà ọ̀dà, eruku dé. Eruku ọyẹ́ ní Òkè-Ògùn kì í ṣe ohun tí à ń fi ọwọ́ gbọ̀n. Ó wọ etí, ó wọ gàrí, ó wọ inú àpótí tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ gan-an ni ó máa ń kó jọ sí jù, nítorí pé atẹ́gùn ọkọ̀ a máa fà á wọlé láti ibẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Oòrùn ti wọ̀ kí a tó dé ibùdó wa ní apá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Nígbà náà ni a tó mọ̀ pé kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó ti tú àgọ́ náà wò rí. Ẹni tí ó tà á ní Èkó ti sọ pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gbà. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni ó gbà wá pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta. Ó yẹ kí wọ́n ti pa á lẹ́ẹ̀kan ní ìta ilé wọn ní Ìpàpó, kí àwọn ọmọdé rí wọn rẹ́rìn-ín, kí ó sì tán síbẹ̀. Òtútù wá dé. Àwọn ará Èkó tí ó rò pé ibi tí oòrùn ti mú ní ọ̀sán bí iná kò lè tutù lóru ni wọ́n mú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wá, wọ́n sì jókòó ti iná títí ilẹ̀ fi mọ́. Kúbùsù ni ẹrù àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ènìyàn dì, lẹ́yìn náà ni bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, tí a ó sì gbọ̀n dáadáa ní òwúrọ̀ kí a tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, nítorí àkekèé àti paramọ́lẹ̀.

Ní ti omi, ìṣirò rẹ̀ kò le. Nínú ooru bẹ́ẹ̀, bí a bá ka mímu àti sísè pọ̀, lítà mẹ́rin ni ó kéré jù fún ènìyàn kan ní ọjọ́ kan. Ènìyàn 19 yóò lo lítà 76, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 mẹ́rin. Fún ọjọ́ mẹ́ta, kẹ́ẹ̀gì 12, kò sì sí ìwẹ̀ nínú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ni a gbé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó rò pé odò wà nítòsí bu omi ìdajì kẹ́ẹ̀gì, ó fi wẹ̀. Ìyá tí ń bá wa dáná wá bá wa.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kẹ́ẹ̀gì kan ló kù. Ṣé kí n se ẹ̀wà ni, àbí kí á mu ún?”

Ariwo ta. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ọmọ náà. Bàbá awakọ̀ ni ó dìde, tí ó sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, òun yóò wa ọkọ̀ òun padà sílé lófìfo. Wọ́n dákẹ́. Àwọn mẹ́rin gun ọkọ̀ lọ pọn omi ní abúlé kan, ọjọ́ náà sì lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi ọmọ náà kéré sí ti ẹni tí ó kó ènìyàn wọ inú igbó pẹ̀lú ìdajì omi tí ó yẹ, tí kò sì sọ fún wọn pé ìdajì ni.

Ọ̀rọ̀ ìyá tí ń dáná yìí tún mú kí a sọ ohun kan. Àwọn ọkùnrin wa a máa rò pé bí obìnrin bá ti wà nínú ọkọ̀, a ti rí alásè àti afọkòkò. Nígbà tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, orúkọ gbogbo wa ni a máa ń kọ sí ara ògiri fún gbígbálẹ̀ àti fífọ àwo, kò sí ọmọ ọba, kò sí ọmọ pásítọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ Sikáòtù ti ń ṣe ní ilẹ̀ wa láti ọdún 1915. Ẹni tí kò bá lè fọ ìkòkò ìyán kí ó jókòó sílé. Kí wọ́n sì gbẹ́ ṣáláńgá méjì, ti obìnrin lọ́tọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó bá wa lọ kì í mu omi lálẹ́ nítorí pé ẹ̀rù ń bà wọ́n láti jáde.

Nípa ẹranko, ẹ má ṣe retí ohun tí ẹ ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọdẹ àti àwọn darandaran ti ń wọ inú igbó yẹn láìgba ìyọ̀ǹda, ẹran sì ti kọ́ ọgbọ́n. Òwúrọ̀ méjì ni a fi rìn pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ igbó kan. A rí ìgalà mẹ́ta ní òkèèrè, a rí ẹsẹ̀ ẹfọ̀n àti ìgbẹ́ rẹ̀, a kò rí ẹfọ̀n. Ìnàkí nìkan ni kò fi ara pamọ́ fún wa: wọ́n kó búrẹ́dì àti iṣu wa lọ nígbà tí a lọ wo àwọn ẹranko mìíràn. Síbẹ̀ a kò kábàámọ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó lórí àpáta ní ìdájí, tí ó gbọ́ ohùn àparò láti inú koríko gbígbẹ, tí kò sì gbọ́ ohùn mọ́tò kankan, yóò mọ ohun tí à ń wí.

Ohun tí ó mú wa kọ ìwé yìí ni ti òru kẹta. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wa, òun ni ó kéré jù ní ọjọ́ orí. Nítorí pé òun ni àbúrò gbogbo wa, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n fi í sí ní gbogbo ọ̀nà, níbi tí eruku ti ń kó jọ, àwọn àgbà sì jókòó níwájú. Kí a má purọ́: àwa tí a ń kọ̀wé yìí wà lára àwọn tí ó jókòó níwájú. Ọmọ náà ní ikọ́ fée láti kékeré. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹ̀rù bà á pé wọn yóò ní kí ó má bá wọn lọ, oògùn tí ó máa ń fà sẹ́nu sì ti tán nínú agolo rẹ̀ kí a tó kúrò ní Ìpàpó. Ní nǹkan bí aago kan òru a gbọ́ mímí rẹ̀ láti inú àgọ́ kejì, bí ẹni pé ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni. Ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ kí ó tó tún mí.

Tẹlifóònù kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. A gbé e sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ igbó tí ó mọ̀nà, a gbé e jókòó kí ó má baà sùn gbalaja, a sì fi aṣọ tútù bo imú rẹ̀ nítorí eruku. Ó tó wákàtí mẹ́ta kí a tó dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú tí ara rẹ̀ ń rọ̀, dókítà jáde wá, ó béèrè orúkọ bàbá rẹ̀ àti ibi tí a ti lè rí i. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Àpèlé ni ọmọ náà fi sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Olórí ìrìn àjò kò sì béèrè ju orúkọ kan àti owó lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni a ti jọ ń jẹun nínú àwo kan, bí ọmọ náà bá sì kú ní òru yẹn, a kò bá má mọ ilé tí a óò gbé e lọ.

Ó yè. Dókítà sọ pé bí a bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìpàpó, ẹ gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu wa. Kí orúkọ ẹbí ẹni kọ̀ọ̀kan àti nọ́ḿbà tẹlifóònù wọn wà nínú ìwé, kí ẹ̀dà rẹ̀ kan sì wà lọ́wọ́ ẹnìkan tí kò bá yín lọ. Kí ẹ yan ẹnìkan, nọ́ọ̀sì bí ẹ bá rí, tí oníkálukú yóò sọ àìsàn ara rẹ̀ fún ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó dá wọn lójú pé a kò ní tìtorí rẹ̀ lé wọn padà bí oògùn wọn bá ti pé. Ìbẹ̀rù ìlélọ ni ó pa ọmọ yẹn lẹ́nu mọ́. Kí ìjókòó máa yí ní ojoojúmọ́, kí àgbà náà lọ mí eruku lẹ́yìn. Kí awakọ̀ sùn lóru. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ àti ọtí dá a dúró sídìí iná, nítorí pé ẹ kò mọ ìgbà tí ẹ óò jí i. Àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, fọ̀níkú-fọ̀larùn, gbogbo rẹ̀ ni kí a sọ. Òtútù ọyẹ́ àti àìmumi tó lè gbé fọ̀níkú-fọ̀larùn dìde bí eruku ti gbé ikọ́ fée dìde.

Ó ku ti ààbò, a kò sì gbọdọ̀ fi bò. Ẹ̀rù àwọn ajínigbé wà lójú ọ̀nà Òkè-Ògùn, gbogbo wa ni a mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọgbà ìjọba kì í rí irú rẹ̀: ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, nínú ọgbà Pendjari ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n pa ẹni tí ń fọ̀nà han àwọn arìnrìn-àjò Faransé méjì, wọ́n sì jí àwọn méjèèjì gbé lọ, ọmọ ogun Faransé méjì ni ó kú kí wọ́n tó gbà wọ́n padà. Ilé iṣẹ́ àwọn alábòójútó ọgbà tiwa wà ní ìlú Ọ̀yọ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ní ọkọ̀. Kí ẹ béèrè ibi tí a lè sùn àti ibi tí a kò lè sùn, ibi tí a lè dáná, nítorí pé koríko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ju iná sìgá kan lọ. Kò sí ìbọn, kò sí ajá, kò sí ẹran pípa. Bí wọ́n bá sì sọ fún yín pé ọ̀nà kò dára ní ọ̀sẹ̀ náà, kí ẹ má ṣe wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹ padà sílé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ owó ti wọlé. Ní ìsàlẹ̀ ìwé ìkéde náà, ní lẹ́tà wínníwínní tí ojú àgbà kò lè kà, wọ́n kọ ọ́ pé owó tí a bá ti san kò ṣe é gbà padà. Èyí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yí padà. Olórí ìrìn àjò tí ó mọ̀ pé òun kò ní dá owó padà yóò wọ igbó ní ọjọ́ tí ẹ̀ṣọ́ ní kí ó má wọ̀ ọ́, ẹni tí ó sì ti san owó tí kò lè gbà padà yóò fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ kí owó rẹ̀ má baà ṣòfò. A ti kọ̀wé ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀dọ́ náà lórí èyí. Bí wọ́n bá tún ìwé ìkéde wọn tẹ̀, tí omi, orúkọ ẹbí, ìyọ̀ǹda àwọn alábòójútó ọgbà àti owó àdápadà sì wà nínú rẹ̀, a óò tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé yìí lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àwòrán ìnàkí náà.